Ẹja Jabi ló ń bá mi mu epo

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó sọ ohunkóhun. Mo ní jet ski kan, Yamaha SuperJet, tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì two-stroke tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń dúró lórí ẹ̀ gùn, kì í ṣe àwọn tó ní ìjókòó gbọọrọ tí ẹ máa ń rí lórí omi Jabi l'Abuja níbí lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí àwọn bọ̀bọ́ fi ń gbé ọmọge kiri. Èmi máa ń pe tèmi ní adúrógùn torí mi ò rí orúkọ míì tó bá a mu. Ọdún 2019 ni mo rà á l'Ékòó, ọkọ̀ kan tó kó tòmátì wá sí Mile 12 tó fẹ́ padà sókè ọya ló bá mi gbé e dé Abuja, nígbà tó fi máa dé, gbogbo ara ẹ̀ ń rùn bíi tòmátì tó ti rà, títí dòní tí oòrùn bá pa á dáadáa mo ṣì máa ń gbóòórùn ẹ̀.

Ìyàwó mi ní owó tí mo fi rà á ì bá ti fi ṣe fẹ́ǹsì ilẹ̀ wa ní Lugbe. Òótọ́ ni. Mi ò jiyàn.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ò tíì gun adúrógùn rí, kò lè yé yín. Kò sí ìjókòó lórí ẹ̀ rárá. Àtẹ́ kékeré kan lẹsẹ̀ méjèèjì ń gbé, ọ̀pá gígùn kan wá wà níwájú tó ń lọ sókè sódò, orí ọ̀pá yẹn lọwọ́ á dì mú. Tí kò bá tíì sáré kò lè gbé èèyàn ró, á kàn máa rì lábẹ́ ẹ ni, torí náà àyà lo máa kọ́kọ́ fi lé e, wà á fún un níná, wà á gun orí eékún, kó o tó wá dìde díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi mu omi Jabi kí n tó lè dúró tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọmọ tó ń ta gúgúrú létí omi ti dá mi mọ̀, tí mo bá ti ṣubú báyìí wọ́n á pariwo "Ọ̀gá, sọ́rì o!" wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo wá dúró, tí mo yí po lẹ́ẹ̀kan tí mi ò ṣubú, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ìgbéga níbi iṣẹ́ lọ. Ara ẹ̀ fúyẹ́. Tó o bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, òun náà á tẹ̀, tó o bá jùdí sẹ́yìn, imú ẹ̀ á gbé sókè, ó dà bíi pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ń jó ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pé ó fúyẹ́ yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sórí ẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ n sọ pé àwọn adúrógùn yìí ló ni orúkọ náà gan-an. Clayton Jacobson, ará Amẹ́ríkà kan tó máa ń fi alùpùpù sáré nínú yẹ̀pẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ro nǹkan yìí láwọn ọdún 1960, wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé téèyàn bá máa ṣubú, ó sàn kó ṣubú sómi ju orí òkúta lọ. Bombardier kọ́kọ́ gbé oníjókòó kan jáde ní 1968, kò fi bẹ́ẹ̀ tà. Kawasaki wá gbé èyí tí wọ́n ń dúró gùn jáde ní 1973, wọ́n sọ ọ́ ní Jet Ski, láti ìgbà yẹn lorúkọ ọjà wọn ti di orúkọ gbogbo ẹ̀, bí àwa náà ṣe ń pe gbogbo núdù ní Indomie. Yamaha wá gbé SuperJet dé ní 1990. Irú tèmi nìyẹn.

Ohun tó mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan. Mo máa ń tètè dé omi torí tó bá ti di aago mẹ́wàá, èrò á ti kún, àwọn oní-kayak àtàwọn tó ń háyà ọkọ̀ á ti gba gbogbo ibẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn aago méje ò tíì lù. Omi tẹ́ pẹrẹsẹ bíi dígí. Mo tẹ sítátà, ó wúkọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún wúkọ́, ẹ̀ẹ̀kẹta ló gbà, èéfín bá bo gbogbo ibẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹja. Nígbà tí èéfín ṣí, mo rí nǹkan kan tó ń dán lójú omi láti ìdí jet ski mi lọ, ó ní àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, aró, pupa, yẹ́lò, ó ń ràn lọ jẹ́jẹ́, kò kánjú, títí tó fi dé ibi tí bàbá Hausa kan na àwọ̀n ẹ̀ sí.

Bàbá yẹn kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, gbogbo àwa tá a máa ń tètè débẹ̀ la mọ̀ ọ́n. Ó fa àwọ̀n ẹ̀ sókè. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka kan ra okùn ẹ̀, ó gbé ìka yẹn símú, ó wá wò mí.

"Alhaji, wannan mai ne?"

Ó ń bi mí pé ṣé epo nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní "Kaɗan ne, Baba," pé ó kéré. Kò bá mi jà. Ó ṣan àwọ̀n ẹ̀ nínú omi tó wà lódìkejì ọkọ̀ ẹ̀, ó ká a jọ, ó wà á lọ síbòmíì. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Mo gùn ún bíi ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ yẹn mo sì kúrò níbẹ̀, kò dùn mọ́ mi nínú.

Mo rò pé ẹ́ńjìnnì yẹn ti ń jo. Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan ní Apo, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lé lógún ọdún tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe lókè ọya níbí, látorí ọ̀kadà dórí jẹnẹrétọ̀ dórí ẹ̀rọ ìlọta. Ó yọ pílọ́ọ̀gì, ó wò ó, ó nù ún, ó dá a padà.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ló ti ń jo?"

"Kò jo. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

Mo ní kò yé mi. Ó ní kí n jókòó. "Àbúrò, ṣó o rí búkà tó wà níta yẹn? Tó bá di ọ̀sán tí èrò bá pọ̀, ká ní ìyá náà ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn pé káwọn tó ti jẹun tán máa jáde, ó wá ṣí tiwájú lẹ́ẹ̀kan náà pé káwọn tó ń bọ̀ máa wọlé, ṣé o rò pé gbogbo àwọn tó wọlé ló máa jẹun? Àwọn míì á kàn bá èrò gba ẹ̀yìn jáde ni, ebi ṣì wà níkùn wọn. Two-stroke rèé. Èéfín tó ti jó tán ń jáde, epo tuntun ń wọlé, ìlẹ̀kùn méjèèjì ló ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú epo tuntun yẹn, àwọn kan á bá èéfín jáde láì jó."

"Ó máa tó mélòó?"

"Èmi ò wọ̀n ọ́n o. Ó pọ̀."

Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí fóònù, mi ò sùn títí aago méjì òru. Ohun tí EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, sọ ni pé nínú two-stroke oní-kabúrétọ̀ ti àtijọ́, epo tó ń jáde láì jóná lè tó ìdá 25 sí 30 nínú 100. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo máa ń po epo yìí fúnra mi, lítà mẹ́wàá pẹtiróòlù sí mílílítà 200 ọ́ìlì, 50 sí 1, ike omi kan ni mo fi ń wọn ọ́ìlì ẹ̀, mo ti fi máákà fa ìlà sí i lára. Ẹni tó bá ti lo I-pass-my-neighbour rí mọ ohun tí mò ń wí, ẹbí kan náà ni wọ́n, ọ́ìlì yẹn ò níbi tó ń gbé lọ́tọ̀, inú epo ló ń gbà wọlé, inú èéfín ló ń gbà jáde. Nínú lítà mẹ́wàá tí mo bá gbé lọ sí Jabi, ó kéré tán lítà méjì ààbọ̀ ni mò ń dà sómi àti sáfẹ́fẹ́. Ẹ ṣírò ẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo ra nǹkan yìí, lítà pẹtiróòlù kan ò tó ₦150. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, nígbà tó fi máa di October 2024, ₦1,030 ni lítà kan ní ilé epo NNPC níbí. Lítà méjì ààbọ̀ ti lé ní ₦2,500. Ẹja Jabi ló ń bá mi mu epo, kò sì dá kọ́bọ̀ sí i.

Òfin wọn lóhùn-ún ti pẹ́. Ọdún 1996 ni EPA gbé e jáde lórí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi àti ti jet ski. Epo tí kò jóná yẹn gan-an ni wọ́n ń lé, wọ́n fẹ́ kó dín kù ní ìdá 75 nínú 100 tó bá fi máa di 2025, wọ́n wá ní kó máa le díẹ̀díẹ̀ títí di 2006, wọ́n tún fún un pọ̀ sí i láti 2010. California tí kì í fẹ́ kẹ́nì kan ṣáájú òun gbé tiẹ̀ jáde ní 1998, ìpele mẹ́ta, 2001, 2004, 2008. Yúróòpù náà ṣe tiwọn ní 2003 wọ́n sì tún un ṣe ní 2013. Àwọn ará Lake Tahoe, adágún omi kan níbẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ò tiẹ̀ dúró de ẹnì kankan, láti June 1999 ni wọ́n ti ní kí two-stroke oní-kabúrétọ̀ má dé orí omi àwọn mọ́. Omi mímu ni Tahoe o, ó sì mọ́ débi pé wọ́n fi ń yangàn, wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò wọ́n bá MTBE nínú ẹ̀, kẹ́míkà kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ pẹtiróòlù nígbà yẹn. Lẹ́yìn òfin yẹn ó já wálẹ̀ gan-an. Omi Jabi kì í ṣe omi mímu, ti Lower Usuma Dam la ń mu l'Abuja, àmọ́ tẹ́nì kan bá gbé irú tèmi yìí lọ sórí Usuma, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ pariwo.

Kí n má purọ́, nígbà tí mò ń kà á, mò ń wá ibi tí wọ́n ti ṣe àṣejù kí n lè rí nǹkan bínú sí. Mi ò rí i. Wọn ò ní kẹ́nì kankan má gun jet ski. Iye ìdọ̀tí tó lè jáde ni wọ́n sọ, wọ́n sì gba àwọn ilé iṣẹ́ láyè kí wọ́n pa gbogbo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tà pọ̀ kí wọ́n fi wá agbedeméjì, kí èyí tó mọ́ lè bo èyí tó dọ̀tí, bí ìgbà tí ọmọ tó gba 90 bá ń gbé ọmọ tó gba 20 sókè nínú àròpọ̀ kíláàsì.

Ibi tó ti wá dun adúrógùn ni ìwọ̀n.

Nígbà tí òfin dé, oníjókòó kò ní ìṣòro. Ọkọ̀ ńlá ni, èèyàn mẹ́ta lè jókòó lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ki ẹ́ńjìnnì four-stroke bọ inú ẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Yamaha gbé FX140 jáde ní 2002, Honda náà gbé AquaTrax dé lọ́dún yẹn, kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi bọ́ sínú four-stroke. Four-stroke kì í ṣí ìlẹ̀kùn méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní fáàfù tó ń tì í, ó ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé lọ́tọ̀, ó mọ́ gan-an. Àmọ́ gbogbo irin yẹn ló wúwo. Wàhálà míì tún ni pé two-stroke, gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ló ń fún ẹ lágbára, four-stroke máa yí lẹ́ẹ̀mejì kó tó fún ẹ lẹ́ẹ̀kan, torí náà tó o bá fẹ́ agbára kan náà, àfi kó o mú ẹ́ńjìnnì tó tóbi.

Ẹ jẹ́ ká fi àpò sìmẹ́ǹtì wọ̀n ọ́n, 50 kílò ni àpò kan. SuperJet àtijọ́ bíi tèmi, nǹkan bíi 139 kílò, kò tó àpò mẹ́ta. Kawasaki ta 800 SX-R oní two-stroke láti 2003 títí di 2011, wọ́n dá a dúró, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí wọn ò ní adúrógùn kankan lórí àtẹ. Nígbà tí wọ́n máa padà dé ní 2017, ẹ́ńjìnnì 1,498cc, four-stroke, ni wọ́n gbé sínú ẹ̀, irú èyí tó wà nínú oníjókòó wọn, ó sì wúwo tó 250 kílò. Àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún géérégé! Yamaha fi ara pamọ́ títí di 2020, ní Amẹ́ríkà ohun tí wọ́n kọ sí SuperJet two-stroke lára ni pé fún ìdíje nìkan ni, torí òfin ò bá àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì díje nìkan wí. Ká sọ tòótọ́, gbogbo ẹni tó rà á kọ́ ló ń díje. Ní 2021 wọ́n gbé tuntun jáde, 1,049cc, sílíńdà mẹ́ta, four-stroke, nǹkan bíi 170 kílò. Ìyẹn ṣì gbìyànjú, àpò mẹ́ta ààbọ̀ ò pé.

Ẹnì kan á ní kí ni kílò ọgbọ̀n jẹ́. Wá gbé e kúrò nínú omi pẹ̀lú èmi àti ọmọ gúgúrú méjì lẹ́yìn wákàtí kan tí apá ti kú, wà á mọ ohun tó jẹ́. Lórí omi pàápàá, ara ni wọ́n fi ń darí adúrógùn, kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Àwọn tó ń fi fò sókè tí wọ́n ń ta ọ̀kìtì lófuurufú, wọn ò ní fi àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún ta ọ̀kìtì. Àwọn tó ń fi sáré fẹ́ràn èyí tó wúwo, wọ́n ní ìgbì kì í gbé e kúrò lọ́nà, ó sì le lẹ́sẹ̀ bí ẹtu, mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ nǹkan míì nìyẹn, bí ìgbà tí wọ́n bá gba bàsíkùlù lọ́wọ́ ẹ tí wọ́n fún ẹ ní Hilux pé ṣebí méjèèjì ló ní táyà.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé ọ̀nà kẹta wà. Ẹ rántí búkà ẹ̀gbọ́n. Tí ìyá náà bá dúró kí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn padé kó tó gbé oúnjẹ sílẹ̀, oúnjẹ kankan ò ní bá ẹnikẹ́ni jáde. Wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń wọlé tó ń lé èéfín jáde, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà kékeré kan á wá fín epo sínú ẹ̀ ní tààrà nígbà tí ìlẹ̀kùn bá ti padé. Two-stroke ṣì ni, ó ṣì fúyẹ́, ó sì mọ́. Evinrude, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ṣe é, wọ́n pè é ní E-TEC, BRP tó ni wọ́n pa orúkọ Evinrude rẹ́ ní 2020, àmọ́ títí di báyìí wọ́n ṣì ń fi E-TEC sínú Ski-Doo, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín. Ó ṣeé ṣe nígbà náà. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yìí ò fi irú ẹ̀ sínú adúrógùn kékeré kan kó máa tà á? Lójú tèmi, ọjà ló kéré. Bàbá tó ní ọmọ mẹ́ta á ra oníjókòó kó lè gbé gbogbo wọn, àwọn ìbejì tèmi náà ti sọ fún mi pé ti dádì ò dáa torí kò síbi táwọn máa jókòó sí. Adúrógùn, àwa díẹ̀ tórí wa gbóná là ń rà á, ta ló máa tìtorí wa ná irú owó bẹ́ẹ̀?

Torí náà tí wọ́n bá ní òfin ló pa adúrógùn, mi ò gbà. Òfin béèrè ìbéèrè, àwọn tó ń ṣe é ló mú ìdáhùn tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù, ẹ́ńjìnnì tó ti wà nínú oníjókòó ni wọ́n yọ tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ nínú. Ó ṣì wà, kò tíì kú. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké bíi Krash àti Rickter ṣì ń ṣe èyí tó fúyẹ́ fún àwọn tó ń díje, owó ẹ̀ ò ṣeé gbọ́ sétí. Ohun tó ń pòórá ni ti àárín yẹn, èyí tó fúyẹ́ tówó ẹ̀ ò pa èèyàn, tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè fi kọ́ ọ. Tí àwọn ọmọ ò bá rí èyí tí wọ́n máa fi kọ́ ọ, ta ló máa gùn ún lógún ọdún sí i?

Oní-bátìrì ńkọ́? Mo fẹ́ràn ẹ̀ lọ́kàn. Taiga, àwọn ará Montreal ní Kánádà, gbé oníjókòó kan tó ń lo bátìrì jáde tó ń jẹ́ Orca, nígbà tó di 2024 gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ kí àwọn tó ń sin wọ́n lówó má bàa ya bò wọ́n. Bátìrì náà wúwo, ìyẹn dá wa padà sídìí sìmẹ́ǹtì. Níbí tá a wà yìí, jẹnẹrétọ̀ lo máa fi cháàjì ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn ò bá mú iná wá, èéfín tó o gbé kúrò ní Jabi á wá máa jáde ní Kubwa.

Àwa náà ní òfin, kẹ́ni kankan má rò pé a ò ní. NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká nílẹ̀ wa, ti wà láti 2007, wọ́n sì gbé òfin jáde ní 2011 lórí èéfín ọkọ̀ elépo pẹtiróòlù àti dísù, ọkọ̀ orí títì nìyẹn ń bá wí. Lójú omi, NIWA, àjọ ọ̀nà omi tó fi Lokoja ṣe ibùdó, ló ń ṣọ́ wa, láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ló sì jẹ wọ́n lógún jù, mi ò dá wọn lẹ́bi, èèyàn tó ń kú sómi lókè ọya yìí kì í ṣe kékeré. Nǹkan tí wọ́n lé kúrò lórí Tahoe ní 1999, ó ní ibi tó máa lọ. Ó wọ kọ̀ntẹ́nà, ó dé Èkó, èmi ni mo san owó fún un, mo tún fi ọkọ̀ tòmátì gbé e.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣiṣẹ́ ní New Bussa rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún un. Ó ní kí n wá sórí omi Kainji kí n wá wo Yamaha Enduro, ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ ojú omi tí àwọn apẹja àtàwọn tó ń gbé èrò ń lò, two-stroke pọ́ńbélé, tuntun ẹ̀ ṣì wà lọ́jà nílẹ̀ Áfíríkà títí dòní. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn yẹn ò lè ra four-stroke, tí wọ́n bá sì rà á tó bá bà jẹ́ láàárín omi, ta ló máa tún un ṣe? Two-stroke, ọmọdé á tú u, á tún un tò." Òdodo ọ̀rọ̀. Mi ò ní lọ máa wàásù èéfín fún ẹni tó ń fi tiẹ̀ wá oúnjẹ. Àmọ́ èmi ò pẹja, mi ò gbé èrò. Eré ni mò ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Apo ti bá mi rí oníbàárà kan l'Ékòó, ó fẹ́ máa gùn ún ní Tarkwa Bay, owó tó pè dáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fẹ́ǹsì yẹn. Mi ò tíì dá a lóhùn. Ẹja Tarkwa Bay náà, ṣebí ẹja ni. Ẹ̀gbọ́n tún ní òun gbọ́ pé ọ́ìlì kan wà tó máa ń jẹrà nínú omi, mo rà á, ó wọ́n, èéfín ẹ̀ dín kù díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin epo yẹn ṣì ń bá ibi tó ń bá lọ lọ.

Sátidé tó kọjá mi ò lọ sómi. Mo kàn gbé e síta nínú kọ́ńpáùndì kí n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tó bá jókòó pẹ́ jù máa ń gan. Àwọn tó ní irú ẹ̀ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì lèèyàn máa kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó ṣí omi tó máa mú un tutù, tó o bá ṣí omi ṣáájú, inú ẹ́ńjìnnì lomi máa lọ. Mo so họ́ọ̀sì mọ́ ọn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà. Mo sáré lọ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi, kí n tó padà dé, èéfín ti gun fẹ́ǹsì kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí mo gbọ́ ohùn ìyàwó ẹ̀ látojú fèrèsé òkè:

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa jẹ́nẹ̀ yín o, NEPA ti mú iná wá!"